Ọdún 14 ni mo ti wà ní kúáyà, ọmọ mi ṣì ń sá fún ọwọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Elélùbọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i. Lónìí ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Ẹni ọdún 39 ni mí, èlùbọ́ ni mò ń tà ní Bódìjà. Ọdún 14 ni mo ti wà ní kúáyà ìjọ wa. Mò ń gbààwẹ̀ Ọjọ́rú, n kì í pa ìṣọ́ òru jẹ. Ẹ bi ará ìjọ mi léèrè, wọ́n á ní onígbàgbọ́ gidi ni mí. Ṣùgbọ́n ìbínú mi ò jẹ́ kí ilé mi tòrò. Bí mo bá ti ọjà dé, tí oòrùn ti pa mí, tí oníbàárà ti jẹ mí lówó, ohun tí ojú mi bá kọ́kọ́ rí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀: bàtà tí wọn ò kó, àwo tí wọn ò fọ̀. Ẹnu mi mú. Ọwọ́ mi náà sì yá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. À ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, dúró síwájú mi kí n bá a de bọ́tìnì ọrùn. Mo na ọwọ́ sókè kí n mú òòyà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà fi apá méjèèjì bo orí, ó sì di ojú rẹ̀ pinpin. Inú kò bí mi rárá lọ́jọ́ náà o. Orin ìyìn ló wà lẹ́nu mi lọ́wọ́. Ọmọ mi rí ọwọ́ mi lókè, ara rẹ̀ ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Mo de bọ́tìnì yẹn tán, mo mú un lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọrin, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí wọ́n wàásù lé lórí lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á. Ẹ̀yin tí inú yín ti yí padà ní tòótọ́, kí lẹ ṣe lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí kò sí àlùfáà nítòsí, tí kò sí dùùrù? Ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òkè Àdúrà (Ìlá)

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Irú ìbínú yìí lè jẹ́ ti ìdílé. Ẹ bi ìyá yín léèrè bí ìyá tiwọn ṣe rí. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ gun òkè àdúrà fún ọjọ́ 7, kí àwọn aládùúrà dúró tì yín. Katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni bàbá wa Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wà nígbà tí Ọlọ́run pè wọ́n lọ́dún 1928. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, n'Íléṣà, lọ́dún 1930, agbára Ọlọ́run ló ṣe é. Ohun tí agbára bá ṣe lọ́jọ́ kan, ìmọ̀ràn ọdún 10 kò lè ṣe é.

Ìyá Elélùbọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé é púpọ̀. Mo ti lọ, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí àlàáfíà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ọjọ́ kẹta tí mo padà délé ni mo la àwo mọ́lẹ̀.

Bàbá Kíláàsì (Àgbádárìgì)

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹni ọdún 71 ni mí, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ọmọ tó fi apá bo orí yẹn, Ọlọ́run fi í ṣe dígí fún ọ. Ìwọ wò ó, o ò sá. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ nìyẹn.

Mi ò ní bá àbúrò mi láti Ìlá jiyàn. Lásìkò ìsọjí 1930, àwọn èèyàn kó oògùn jáde ní yàrá, wọ́n dáná sun ún. Ohun tó bá wà nínú àpò tàbí lókè àjà ṣeé kó síta lọ́jọ́ kan. Èyí tó wà nínú inú ńkọ́? Ta ni yóò bá ọ gbé e dé ààtàn? Ìyẹn gba ọjọ́ púpọ̀, ó sì gba èèyàn.

Wo ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi sínú Bíbélì. Ìrònúpìwàdà ni wọ́n pè é. Tú u wò: kí a ro inú, kí a pa ìwà dà. Inú ló ṣáájú, ìwà tẹ̀lé e, wọ́n so méjèèjì pọ̀ tí kò fi ṣeé já. Ẹni tó ronú títí tí ìwà rẹ̀ ò yí, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ṣì ń pè. Ẹni tó pa ìwà dà lójú ìjọ láì ro inú, ó kàn ń ṣe bí ọ̀gà lórí ewé ni. Ìwé Róòmù wà lára ohun tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tú sí Yorùbá. Ọdún 1850 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú Bíbélì tí mò ń kà, orí 12 ẹsẹ 2 ní kí a paradà láti di titun ní ìrò-inú wa. Ìrò-inú! Mo ti ń ka ẹsẹ yìí láti kékeré, ẹni ọdún 50 ni mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dá mi dúró.

Ní ti ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1742, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn èèyàn John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Ẹnìkan dábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí ẹnìkan sì máa yí ilé èèyàn 11 ká láti gbà á. Owó ni wọ́n ń lọ gbà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó wọlé, ó ń rí bí oníkálukú ṣe ń gbé: ibi tí ìjà wà, ibi tí ọtí wà. Nígbà tí Wesley gbọ́, ó ní ohun tí òun ti ń wá tipẹ́ nìyí. Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ olórí kíláàsì ni kó rí olúkúlùkù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Thomas Birch Freeman gbé ẹ̀sìn náà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa níbí lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, kíláàsì sì bá a wá. Ó dùn mí pé níbi púpọ̀ tí mo ti dé, owó kíláàsì nìkan ló kù. A gba owó, a gbàgbé ọkàn.

Nítorí náà, wá ẹnìkan. Ẹnìkan péré, obìnrin bíi tìrẹ, tí kì í ṣe olófòófó, tí kò sì bẹ̀rù rẹ. Ẹ máa rí ara yín lọ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kó bi ọ́ pé: "Ta lo fi ìbínú kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" Dá a lóhùn bó ṣe rí, má fi ẹ̀sìn bò ó. Ẹ gbàdúrà, ẹ túká. Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 16 ní kí a jẹ́wọ́ fún ara wa kí a lè rí ìwòsàn. Ẹni tó ń dá nìkan jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀ lè máa jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan náà fún ogún ọdún; mo mọ̀ nítorí pé mo ṣe é.

Awakọ̀ Òru

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò kàwé tó Bàbá, ohun tí ojú mi rí ni mo máa sọ.

Tírélà ni mò ń wà, láti Apápá lọ sókè ọya. Ọdún 22 ni èébú fi ń jáde lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ. Mo ti sọ̀kalẹ̀ na ọlọ́kadà rí lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo darí àdúrà ní gáréèjì. Ọmọ tó ń bá mi tẹ̀lé mọ́tò kò ṣe àmín. Ó kàn ń wò mí. Ojú ọmọ yẹn wọ̀ mí lára ju ìwàásù lọ.

Ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà náà kéré. Kí n tó yí kọ́kọ́rọ́, n óò gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, n óò sì sọ ọ́ síta: "Olúwa, ẹni tó máa já gba iwájú mi lónìí, ìwọ lo dá a. Ṣọ́ mi lẹ́nu." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá gbàgbé, ọmọ náà ní àṣẹ láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo fún un. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ mo ṣì ń bú èèyàn, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń bú wọn. Tẹ́lẹ̀ mi ò kì í gbọ́. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èébú náà nígbà tó ṣì wà lórí ahọ́n, mo sì lè gbé e mì.

Ẹ ní tí ẹ bá ti ọjà dé ni. Ẹnu ọ̀nà yín ló wà nìyẹn. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà, ẹ mu omi ife kan tán. Ẹ dárúkọ àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú àfaradà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára. Ìbéèrè tèmi ni pé: wákàtí mélòó lẹ ń sùn? Láti ìgbà wo lẹ ti wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín? Ọjà láti ìdájí, kúáyà, ààwẹ̀, ìṣọ́ òru, ilé. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sibítù, mo sì ń lọ ìpàdé àdúrà tààrà láti ibi iṣẹ́, mo ń rò pé ìtara ni. Nígbà tó yá mo ń jágbe mọ́ arúgbó tó tẹ aago ìpè lẹ́ẹ̀kejì. Arúgbó tí kò lè dá dìde!

Ẹ lọ ka ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19. Èlíjà sá lọ sí aginjù, ó ní kí Ọlọ́run pa òun. Áńgẹ́lì dé, kò bá a wí, kò wàásù fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun. Àkàrà lórí ẹyín iná, omi nínú ìgò. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹun. Ẹ̀yìn oúnjẹ méjì àti oorun ló rìn dé Hórébù, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìjì, ìsẹ̀lẹ̀ àti iná. Mi ò sọ pé àárẹ̀ ló ń na ọmọ yín. Ọwọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ara tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu kì í gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́.

Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ràn, Arákùnrin Lawrence, ará Faransé, tó kú lọ́dún 1691. Ilé ìdáná ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Párísì ni wọ́n fi í sí, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn iṣẹ́ ìdáná rárá. Ó sọ ọ́ di àṣà láti máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀; ó ní òun ń yí ẹyin dídín nínú páànù nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run. Èmi, ìgbà tí mo bá ń fọwọ́ ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo yàn. Ìgbà mélòó ni nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ lálẹ́ kan! Bí omi bá ti kan ọwọ́ mi, mo máa ń dárúkọ aláìsàn tí mo ń lọ bá. Ẹ̀yin ń jọ èlùbọ́. Asẹ́ wà lọ́wọ́ yín látàárọ̀.

Alàgbà (Àkúrẹ́)

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o. Ìwé Òwe ní ẹni tó bá fa ọ̀pá sẹ́yìn kórìíra ọmọ rẹ̀. Kí ìyá má lọ bẹ̀rù ọmọ inú rẹ̀ nítorí pé ọmọ di ojú. Ọmọ tí a kò bá wí ni yóò ta ilé tí a kọ́.

Bàbá Kíláàsì (Àgbádárìgì)

Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà tó na ọmọ nítorí pé oníbàárà jẹ ẹ́ lówó, ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ náà kọ́? Éfésù orí 6 ẹsẹ 4 sọ fún àwọn baba pé kí wọ́n má ṣe mú àwọn ọmọ wọn bínú. Inú Bíbélì kan náà ló wà.

Ọmọ Akọrin (Òṣogbo)

Mi ò fẹ́ kọ̀wé tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Alàgbà ló jẹ́ kí n kọ ọ́.

Màmá, èmi ni ọmọ tó ń fi apá bo orí. Ẹni ọdún 34 ni mí báyìí. Màmá mi ni olórí àwọn obìnrin akọrin níjọ wa. Ohùn wọn dùn débi pé àwọn àlejò máa ń sunkún. Èmi àti àbúrò mi ti mọ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn: bí ó bá yára, a ti máa ń kó ìwé, a ti máa ń pa rédíò. Nígbà tí mo kúrò nílé mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún 6. Kì í ṣe pé mo bá Ọlọ́run jà. Bí orin ìyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ikùn mi á máa lọ́.

Ẹni ọdún 26 ni mo jẹ́ nígbà tí màmá mi pè mí lórí fóònù lóru ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Mo na ọ́ lọ́jọ́ tí ìwé ìdánwò rẹ sọnù. Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ nù. Èmi ni mo fi wé ẹ̀pà." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Wọn ò ní "bí mo bá ṣẹ̀ ọ́." Wọ́n dárúkọ ọjọ́ náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọmọ yín ṣì wà ní ọmọ ọdún 9. Ẹ má jẹ́ kó tó 26. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa òbí kì í bẹ ọmọ, wọ́n á ní ìyá tó bẹ ọmọ ti sọ ara rẹ̀ di ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ. Jésù ní kéèyàn fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà. Orin yín ni ọrẹ yín.

Ìyá Elélùbọ́ (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, mo ka tìrẹ, mo pa fóònù. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Mò ń bọ̀.

Onígàrí (Ìjẹ̀bú)

Ìyá Elélùbọ́, ẹgbẹ́ mi lọ́jà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ajé. Jẹ́ kí n sọ ohun tí oníṣòwò ń sọ fún oníṣòwò.

Ọdún 8 ni mo fi wọn gàrí pẹ̀lú kóńgò tí mo ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Gbogbo wa là ń ṣe é ní ìsọ̀ wa, a ò pè é ní olè. Ní ọjọ́ kan à ń ka Lúùkù orí 19 nílé, nípa Sákéù. Mo ti mọ ìtàn náà láti Sọ́ńdè Sukúù: ọkùnrin kúkúrú, igi síkámórè. Ọmọbìnrin mi ló kà á dé ibi tí Sákéù ti ní òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó wá gbé ojú sókè, ó ní, "Màámi, ṣé Jésù ló ní kó san án ni?" Mo ní kó tún un kà. A wá a títí, Jésù kò sọ ọ́ rárá. Jésù kàn ní òun fẹ́ wọ̀ sílé rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà dìde fúnra rẹ̀, ó dárúkọ owó.

Láàárọ̀, mo gbé kóńgò mi wò. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ yọ gọngọ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́. Mi ò lè tà. Mo ra òmíràn. Ta ni mo fẹ́ san padà fún? Àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ti kú. Àwọn oníbàárà tí mo ṣì mọ̀, mo fi oṣù mẹ́ta bu ènì fún wọn, kóńgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkúnwọ́ méjì. Èrè mi rẹlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mò ń ba ọjà jẹ́, àwọn méjì ò kí mi títí di òní, ó sì dùn mí, nítorí ọ̀rẹ́ ni wá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí: mo dẹ́kun ìjà nílé. Mi ò gbàdúrà nípa ìjà rárá. Ó jọ pé gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń yan àwọn èèyàn jẹ, inú mi ń bẹ̀rù kí wọ́n má yan èmi náà jẹ, ẹ̀rù yẹn ni mo ń gbé wálé.

Ẹ wo inú ọjà yín wò. Ẹ ní oníbàárà ń jẹ yín lówó. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wá a sí.

Ìyá Elélùbọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ti kàn án. Ẹnìkan wà tó jẹ mí ní 86,000 náírà láti ọdún tó kọjá. Ó gbà á láwìn, kò dé ìsọ̀ mi mọ́. Ìwé gbèsè náà wà nínú àpò ìdí mi lójoojúmọ́, mo máa ń ṣí i wò kí n tó lọ sílé. Mi ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Màá ṣí i, màá rí orúkọ yẹn, lẹ́yìn náà màá wọ mọ́tò wálé.

Onígàrí (Ìjẹ̀bú)

Nínú Mátíù orí 6, gbèsè gan-an ni Bíbélì wa kọ sínú àdúrà Olúwa: "Dárí gbèsè wa jì wá." Mi ò ní kí ẹ fi owó náà sílẹ̀ o, owó ọmọ yín ni. Ẹ rán àgbà sí i, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ ní ìsọ̀. Kó má bá yín wálé.

Ọmọ Òkè Àdúrà (Ìlá)

Mo ti ka ohun gbogbo. Mi ò kó ọ̀rọ̀ mi nípa àdúrà jẹ, ṣùgbọ́n mo rí i pé mo yára. Màmá, mo ti kọ orúkọ yín àti ti ọmọ náà sínú ìwé àdúrà mi, aago 5 ìdájí ni. Ẹ jẹ́ kí n mọ bó bá ṣe ń lọ.

Ìyá Elélùbọ́ (Ìbàdàn), lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní màá padà wá.

Mo gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rò pé ara mi ò yá. Mo fi ìwé gbèsè sílẹ̀ ní ìsọ̀. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ìfúnpá mi ga, wọ́n ti fún mi lóògùn, mo sì ti sọ fún ọ̀gá kúáyà pé n kò ní máa wá sí ìṣọ́ òru fún ìgbà díẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn. Bàbá, mo rí ẹnìkan, obìnrin tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, kì í ṣe ará ìjọ wa pàápàá. Ọjọ́bọ̀ là ń rí ara wa, lẹ́yìn tí a bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo parọ́ fún un. Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo sọ òótọ́.

Ti ọmọ mi ló le jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá ẹnu tí màá fi sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èmi àti ẹ̀ ń jọ èlùbọ́. Mo ní, "Mo máa ń nà ọ́ nígbà tí inú bá bí mi sí ẹlòmíràn. Èmi ni mo ṣẹ̀." Kò gbójú sókè. Ó ń mi asẹ́. Ó wá ní, "Ṣé ti ìgbà tí kọ́ọ̀pù fọ́ ni?"

Mi ò rántí kọ́ọ̀pù kankan. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́. Ó sọ òmíràn. Mẹ́rin ló sọ, ọjọ́ kan nínú wọn ni mo rántí. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Ó dáa mà," ó sì bi mí bóyá òun lè lọ wo tẹlifíṣọ̀n.

Mo ti jágbe lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Nígbà àkọ́kọ́ mo mọ̀ lẹ́yìn tó ti jáde. Nígbà kejì mo jáde lọ jókòó lórí àpótí, mo padà wọlé, mo sọ fún wọn pé ohùn yẹn kò yẹ. Mi ò tíì na ẹnikẹ́ni.

Lánàá, ọjọ́ Ìsinmi, mo na ọwọ́ sókè mú òòyà. Kò fi apá bo orí. Ó di ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ wà nílẹ̀. Mi ò kọ orin kankan. Mo dúró síbẹ̀, òòyà lọ́wọ́ mi, títí ó fi la ojú tó wò mí, kí n tó ya irun náà.